Owó àtijọ́ inú àpótí ìyá àgbà: ẹ bá mi wò ó kí n tó tà á

ỌmọÌjemọ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta nílé lóko. Ìyá tó bí màmá mi ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Àná la tó ráyè ṣí àpótí onírin tó wà lábẹ́ ibùsùn wọn n'Íjemọ̀. Àdìrẹ ló kún òkè rẹ̀, àwọn tí wọn ò rí tà mọ́ ní Ìtòkú. Nísàlẹ̀ pátápátá la bá ọ̀rá kan tí wọ́n fi òwú dì. Owó ló wà nínú ẹ̀.

Mo kà á. Bébà pọ́n-ùn kan mẹ́ta, bébà ṣílè márùn-ún kan, ọ̀kan tí wọ́n kọ “Twenty Shillings” àti “West African Currency Board” sí, náírà kan olórí Macaulay mẹ́fà, àti ìdì ogún náírà Murtala, mọ́kànlélógójì géérégé. Owó onírin náà wà ńbẹ̀: anínì, kọ́bọ̀ onihò, tọ́rọ́ méjì, ṣílè mẹ́rin. Ìwé owó orí bàbá àgbà wà láàárín wọn, ó ti pọ́n bí ewé tó rẹ̀.

Wàhálà tó wà ńlẹ̀ rèé. Àbúrò màmá mi ní òun mọ̀ dájú pé “pọ́n-ùn mẹ́wàá mẹ́wàá” ni ìyá máa ń tọ́jú. A ò rí bébà pọ́n-ùn mẹ́wàá kankan, èmi ni mo sì kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àpótí, ẹ̀yin náà ẹ mọ ojú tí wọ́n fi ń wò mí. Ọkùnrin kan ní Lafenwa ní òun á san ₦15,000 fún gbogbo ẹ̀ pọ̀. Fídíò kan lórí Facebook sì ní ogún náírà Murtala àkọ́kọ́ ń lọ ní mílíọ̀nù. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ọ̀kan nínú àwọn pọ́n-ùn yẹn ti ya díẹ̀. Mo fẹ́ fi téèpù lẹ̀ ẹ́, kí n sì fi áyọ́ọ̀nù lọ àwọn tó kù kí fọ́tò wọn lè dára.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀ · 8:52 alẹ́

Gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀, ọmọ mi! Ṣé aṣọ ni? Kó káńfọ̀ sí i kí ikán má bàa jẹ ẹ́, kí o dá a padà sínú àpótí. Owó òkú kì í ṣe nǹkan à ń sáré tà.

Bàbá Tíṣà · 9:15 alẹ́

Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Èdè owó ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ mọ́.

Nígbà tí ìjọba gbé náírà dé ní 1972, owó ló yí padà, ẹnu wa ò yí. Ṣílè mẹ́wàá ni náírà kan, náírà méjì ni pọ́n-ùn kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é lọ́jà títí àwọn ìyá wa fi darúgbó. Kọ́bọ̀ márùn-ún, sísì ni. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣílè kan. Náírà mẹ́wàá, pọ́n-ùn márùn-ún. Kí wá ni pọ́n-ùn mẹ́wàá bí kò ṣe ogún náírà? Àwọn Múrí mọ́kànlélógójì tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn gan-an ni ìyá rẹ ń pè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bi ìyá léèrè láyé ìgbà yẹn pé èló ló wà nínú ìdì, irinwó pọ́n-ùn ó lé mẹ́wàá ni wọn ì bá wí. Lọ ka èyí fún àǹtí rẹ.

Wo àwọn pọ́n-ùn mẹ́ta yẹn dáadáa o. Èyí tí orí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì bá wà lára ẹ̀ ló máa wọ́n jù.

ỌmọÌjemọ̀ · 9:21 alẹ́

Ẹ̀ẹ́ pẹ́ fún wa, bàbá. Mo ti ń pe àǹtí báyìí.

AlákòójọOwó · 10:30 alẹ́

Bàbá Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ti tú àdììtú pọ́n-ùn mẹ́wàá. Báńkì Àpapọ̀ wa ò tẹ bébà pọ́n-ùn mẹ́wàá rí: ṣílè márùn-ún, ṣílè mẹ́wàá, pọ́n-ùn kan, pọ́n-ùn márùn-ún, ó tán. Biafra ló ṣe ti pọ́n-ùn mẹ́wàá, ní 1969. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Orí Ọbabìnrin kò sì sí lára bébà pọ́n-ùn Nàìjíríà. Lára owó onírin tó jáde ní 1959 ló wà: tọ́rọ́, sísì, ṣílè.

ỌmọÌjemọ̀, jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. “Twenty Shillings” yẹn ni àgbà inú wọn. Kó tó di pé a ní báńkì tiwa, ìgbìmọ̀ owó kan, West African Currency Board tí o kà lára ẹ̀ yẹn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912 ló ń tẹ owó fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sàró àti Gáńbíà. Bébà kan náà ni wọ́n ń ná ní Kútọ̀, òun náà ni wọ́n ń ná ní Accra. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Gánà náà fi ń wá a. Ọdún wà lára ẹ̀, kọ ọ́ fún wa.

Àwọn pọ́n-ùn. Bí o bá rí “Federation of Nigeria” lókè, tí odò àti ọ̀pẹ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 1958, ti àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bó bá jẹ́ ilé báńkì lo rí tí kò sì sí ọjọ́ kankan, ó lè jẹ́ ti 1967, ó lè jẹ́ ti 1968. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ogun ti bẹ́ nígbà náà, owó Nàìjíríà sì wà ní ìlà-oòrùn rẹpẹtẹ. Ìjọba àpapọ̀ wá yí owó lóṣù kìíní 1968 kí èyí tó wà lọ́hùn-ún lè di bébà lásán. Àwòrán ò yí, àwọ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Nítorí náà, fi fọ́tò tó wà nínú ìwé àwọn olùkójọ owó wé tìrẹ. Ti 1967 kò pẹ́ lójà kí wọ́n tó gbá a wọlé.

Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n tún dá lóṣù kẹrin 1984: àwòrán ò yí, àwọ̀ yí, kọ́bọ̀ àádọ́ta nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Ogún náírà jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 1977. Èèyàn ò lè fi orí Murtala nìkan sọ pé owó yìí ti pẹ́, Murtala ṣì wà lára ogún náírà tòní. Wo ìfọwọ́sí gómìnà báńkì. Adamu Ciroma ló wà nípò nígbà tó jáde, Ola Vincent gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà títí di 1982, lẹ́yìn náà ni Abdulkadir Ahmed. Bó bá jẹ́ Ciroma tàbí Vincent ló fọwọ́ sí i, kò sí àríyànjiyàn, ó ti wà ṣáájú 1984. Bó bá jẹ́ Ahmed, padà wo àwọ̀.

Ní ti mílíọ̀nù, irọ́ pátá. Ogún náírà ni owó tó tóbi jù lọ nílẹ̀ yìí títí ti àádọ́ta náírà fi dé ní 1991, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ewé. Èyí tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹlẹ́ja kò ní níye lórí lọ títí. Èyí tí wọn ò ná rí, tí etí rẹ̀ ṣì mú bí abẹ, lèèyàn ń wá.

ỌmọLafenwa · Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Èmi náà máa ń ra irú owó yìí, ẹ jẹ́ n gbèjà ẹni tó dá ₦15,000 lé e. Ẹ ń pariwo bí ẹni pé olè ni. Tó bá rà á, ó lè gbé e lé ọwọ́ fún ọdún mẹ́ta kó tó rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó ti gbó, tó ya, tí wọ́n ti gún ní abẹ́rẹ́, ta ló fẹ́ ẹ? Ìdajì ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn lè jẹ́ ìdọ̀tí.

Ohun tí èmi ì bá kọ́kọ́ gbé wò ni ṣílè mẹ́rin yẹn. Ṣílè fàdákà ni gbogbo wọn, iye fàdákà inú wọn nìkan ti tó ohun tí èèyàn ń wá.

AlákòójọOwó · 7:35 àárọ̀

Rárá o, ọ̀gá. Fàdákà ni ṣílè ìgbìmọ̀ yẹn láti 1913. Ní 1920 ni wọ́n yí i sí idẹ, ti ọdún yẹn fúnra rẹ̀ wá ní oríṣi méjì. Èyí tó jẹ́ 1938 tàbí 1952, idẹ ni, alágbẹ̀dẹ fàdákà ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ti Nàìjíríà 1959 kì í ṣe fàdákà rárá. ỌmọÌjemọ̀, ka ọdún wọn. Má fi ọṣẹ, má fi ọsàn wẹ́wẹ́, má fi nǹkankan fọ̀ wọ́n. Owó onírin tí wọ́n bá ti fọ̀ títí ó fi ń dán, ẹni tó mọ̀ ọ́n máa gé owó ẹ̀ lulẹ̀ ni.

ỌmọLafenwa, mo gbà fún ọ lórí ihò abẹ́rẹ́ ṣá. Láyé ìgbà yẹn wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ so owó pọ̀, àwọn ìyá wa náà ń ká a sí ìṣẹ́tí ìró. Ẹ gbé e sójú iná, ihò tó wà níbẹ̀ máa hàn bí ìràwọ̀.

ÀdùkẹLondon · 9:05 àárọ̀

Mo ti bá ọkọ mi lọ ibi tí àwọn tó ń ta owó bébà ti ń pàtẹ níbí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Wọn kì í bi ẹ́ pé ọmọ ọdún mélòó ni owó náà. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ka ìṣẹ́po rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n ṣẹ́ sí mẹ́rin. Ya, kọ̀wé sí, téèpù: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń já owó lulẹ̀. Téèpù ló burú jù nínú wọn torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń wọ inú bébà, á pọ́n, kò sì ní ṣí mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí èyí tó ya wà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ dáríjì mí, káńfọ̀ náà kò dára fún un. Òórùn rẹ̀ kì í lọ, ó sì lè ba yíǹkì jẹ́. Ọ̀rá rírọ̀ tí ìyá fi wé e gan-an ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ń yọ̀ tó sì ń rùn bíi rọ́bà, yọ owó kúrò nínú ẹ̀ lónìí. Bébà funfun tí kò ní ásíìdì, tàbí àpò ìke líle tí àwọn olùkójọ ń lò, lo máa fi sí. Kó wà níbi tí oòrùn ò dé, kó má wà lábẹ́ òrùlé páànù.

Wo nọ́ńbà àwọn ogún náírà náà. Tí wọ́n bá tẹ̀lé ara wọn, má tú wọn ká. Bí o bá rí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ fi DZ bẹ̀rẹ̀, gbé e sọ́tọ̀: wọ́n tẹ irú ẹ̀ láti fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, kì í pọ̀.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀ · 9:30 àárọ̀

Káńfọ̀ ni màmá mi fi tọ́jú aṣọ òkè fún ogójì ọdún o. Ṣùgbọ́n owó kì í ṣe aṣọ òkè, mo gbọ́.

Ọ̀dọ́Asérò · 11:12 àárọ̀

Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fídíò yẹn kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo fi fọ́tò pọ́n-ùn márùn-ún bàbá mi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ní òun ń rà á fún àwọn òyìnbó. Ó ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Orí mi wú. Ó ní kí n kọ́kọ́ san ₦25,000 fún ìwé àṣẹ, mo san. Ó tún ní ó ku owó ọkọ̀ òfuurufú, ₦40,000. Ìyàwó mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni kẹ̀! Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún ń pè mí lóru.

Àwọn kan sì ń wí pé wọ́n fi ń ṣe ògùn owó ni wọ́n ṣe ń wá a. Èmi ò mọ̀ nípa ìyẹn. Jìbìtì ni mo mọ̀.

Agbẹjọ́ròẸ̀gbá · 1:47 ọ̀sán

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba òfin. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, tí gbogbo yín mọ̀ nítorí owó níná lóde àríyá, ní ẹsẹ̀ kẹrin. Ohun tó wí ni pé ẹni tó bá kiri, tó tà, tàbí tó ń fi owó náírà tàbí owó onírin, tàbí bébà mìíràn tí Báńkì yẹn gbé jáde, ṣe òwò, ó ti ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì.

“Bébà mìíràn tí Báńkì yẹn gbé jáde.” Ẹ tún un kà.

ỌmọLafenwa · 1:55 ọ̀sán

Ẹ má fi òfin dẹ́rù bà wá jàre. Àwọn tó ń ta owó tuntun létí gbọ̀ngàn àríyá ni wọ́n ṣe òfin yẹn fún. Owó tí báńkì fúnra rẹ̀ kò gbà mọ́, owó ni?

Agbẹjọ́ròẸ̀gbá · 2:20 ọ̀sán

Mo gbà pé àwọn yẹn ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Èèyàn lè dúró níwájú adájọ́ kó jiyàn pé bébà tí a ti gbá wọlé kì í ṣe owó mọ́, ó ti di ohun ìrántí. Àríyànjiyàn gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi dán an wò nítorí ogún náírà? Òfin ò ní kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú owó bàbá rẹ̀ sílé. Títà ni mo ń sọ. “Twenty Shillings” ti West Africa ni ẹsẹ̀ yẹn kò kàn rárá, nítorí Báńkì Àpapọ̀ kọ́ ló gbé e jáde. Èyí tó kù, rí agbẹjọ́rò tó máa jókòó ka ìwé rẹ kí o tó tà á. Èmi ń sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀rẹ́ ni, n ò gbowó lé e.

AlákòójọOwó · 3:02 ọ̀sán

Èmi ti ń kó owó jọ fún ọdún mẹ́tàdínlógún, n ò mọ ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ ṣeun. Pàṣípààrọ̀ láàárín olùkójọ ni mo ń ṣe jù, mo máa ní láti ronú sí ìyẹn náà.

ỌmọÌjemọ̀, bí o bá ṣì fẹ́ mọ iye tó tó, má wo iye tí àwọn èèyàn ń béèrè. Lórí eBay, yan èyí tí wọ́n ti tà tán, kí o wo iye tí ẹni tó rà á san, kí o sì fi bí tiwọn ṣe rí wé tìrẹ. Ìyàtọ̀ méjèèjì máa yà ọ́ lẹ́nu. Ọkàn èèyàn ń wí pé tèmi yìí tuntun. Fi í han ẹni tí kò bá ọ tan.

Má sì yọ ìwé owó orí yẹn kúrò láàárín wọn. Orúkọ bàbá àgbà rẹ àti ọdún wà lára ẹ̀. Owó tó bá ìwé tirẹ̀ rìn, tó ní ìtàn, dára ju owó tó dá wà lọ.

ỌmọÌjemọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 9:18 alẹ́

Ẹ kú sùúrù o. Mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí, áyọ́ọ̀nù ò kàn án.

Pọ́n-ùn méjì ni “Federation of Nigeria,” 1958. Ìkẹta ni ti ilé báńkì, òun náà ló ya. Mo fi í wé fọ́tò, àwọ̀ 1968 ló ní. Ṣílè márùn-ún náà, 1958. Ọ̀kan nínú àwọn ṣílè onírin ni mo rí 1913 lára ẹ̀, àwọn tó kù jẹ́ ti 1938 àti 1959. Ọ̀rá yẹn ń yọ̀ lóòótọ́, àǹtí London. Mo ti yọ gbogbo ẹ̀ kúrò.

Múrí mọ́kànlélógójì: mẹ́rìndínlógójì ni Vincent fọwọ́ sí, márùn-ún ni Ahmed, àwọ̀ àtijọ́ ni gbogbo wọn. Méje tẹ̀lé ara wọn ní nọ́ńbà. Kò sí DZ kankan.

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà fún àǹtí lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé iná fóònù ti kú. Ni wọ́n bá ní, “Owó àjọ nìyẹn.” Ìyá ló ń gba àjọ fún àwọn aládìrẹ nígbà náà. Lóṣù kẹrin 1984 tí wọ́n yí owó, ìyá wà lórí àìsàn, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dé báńkì, wọn ò sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni láti gbé owó olówó fún. Ọjọ́ tí wọ́n pè kọjá. Àǹtí ní òun rí i tí ìyá ń ta aṣọ ara wọn lẹ́yìn náà, èyí tó dára jù nínú ẹ̀, ọdún méjì gbáko, tí wọ́n fi san owó àwọn ọlọ́jà pé pérépéré. Wọn ò sọ ohun tó fà á fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

N ò padà sí Lafenwa. Ìdì yẹn kò ní jáde mọ́. “Twenty Shillings” nìkan la ṣì ń rò bóyá a máa tà, ọdún 1953 ló wà lára ẹ̀, ó sì mọ́ gan-an. AlákòójọOwó, ṣé mo lè fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀?

AlákòójọOwó · 9:40 alẹ́

Fi ránṣẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn. Gbé e lé aṣọ dúdú, má jẹ́ kí iná fóònù tàn sí i lójú.

Bàbá Tíṣà · 9:58 alẹ́

Ẹ kí àǹtí yẹn fún mi. Àti pé 1973 ni, mo ti béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi.